Bí Gìtá Ṣe Máa Dún Dáadáa Lórí Áńpù Onítúùbù Níbi Ìdánrawò Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ onígìtá ló máa ń ṣètò ohùn áńpù wọn, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, sílé. Wọ́n á gbé e dé ibi ìdánrawò, dírọ́mà á bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń dùn nínú yàrá kò sì ní dùn mọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ á máa dún gbùùgbùù, ohùn òkè á máa gún etí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan tí onígìtá ń ta. Ohun tó kọ́kọ́ wá séèyàn lọ́kàn ni kó fi kún Volume. Onígìtá kejì á fi kún tirẹ̀, ẹni tó ń ta béèsì á fi kún tirẹ̀, olórin á wá máa pariwo dípò kó máa kọrin. Ọ̀nà tí mo fẹ́ tọ́ka sí níbí gba òdìkejì lọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ariwo ẹgbẹ́ yẹ kó dé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bí áńpù yín ṣe máa dùn jù lọ níbẹ̀ gan-an.

Fender Deluxe Reverb ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù: wọ́ọ̀tì 22, túùbù 6V6 (gíláàsì tó ń fún ohùn lágbára) méjì lẹ́yìn, sípíkà kan tó fẹ̀ ní íńṣì 12. Tí tiyín bá jẹ́ Vox AC15, Fender Blues Junior tàbí Marshall, ọ̀nà kan náà ni. Màá sọ ọ́ níbi tó bá ti yàtọ̀.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Túùbù kì í ṣiṣẹ́ ní tútù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí iná kékeré, fólìtì 6.3 nínú ọ̀pọ̀ áńpù, gbọ́dọ̀ mú gbóná kí ohùn tó lè jáde. Tí iná tó ń wọlé bá lọ sílẹ̀ jù, wáyà yẹn kò ní gbóná tó, ohùn á rẹ̀ sílẹ̀. Tí iná bá ga jù, túùbù á tètè gbó. Ìdí nìyẹn tí áńpù kan náà fi lè dùn lánàá kó má dùn lónìí, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ti ń gbé ẹ̀rọ máíkì, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀. Ẹ fi mítà wo iná náà lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá wò ó kí wọ́n tó tan nǹkan, irọ́ ló máa pa fún yín. Ní Nàìjíríà, nítòsí 230 ló yẹ kó wà. Tó bá ń fò sókè sódò, sítábíláísà ni kí ẹ fi owó yín rà, pẹ́dàlì tuntun (ẹ̀rọ kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà) lè dúró ná.

Tí áńpù yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fólìtì 120 ló ń fẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ ògiri. Tó bá jẹ́ 120, ẹ wá tíráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120, èyí tó lè gbé ó kéré tán ìlọ́po méjì iye wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ pé áńpù náà ń jẹ.

Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta orí púlọ́ọ̀gì, ohun tó wù kí ẹnikẹ́ni sọ. Ẹsẹ̀ yẹn ló so ara áńpù mọ́ ilẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, tí nǹkan sì bàjẹ́ nínú áńpù, iná lè gba wáyà gìtá wọ ọwọ́ yín, kó sì wá ọ̀nà jáde lẹ́nu yín níbi tí ètè yín ti kan máíkì. Ó ti pa olórin rí. Tí áńpù bá ń kùn, ẹ kọ́kọ́ so òun àti ẹ̀rọ máíkì mọ́ ojú iná kan náà, kí ẹ tó máa wá ẹ̀bi kiri.

Ẹ tún rí i pé sípíkà ti wà lójú ihò rẹ̀ kí ẹ tó tan áńpù. Tí ẹ bá ń ta gìtá sínú áńpù onítúùbù tí kò ní sípíkà, tíráńsífọ́mà tó ń gbé ohùn jáde lè jó, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Nọ́ńbà óòmù ara sípíkà, 4, 8 tàbí 16, gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn áńpù mu. Tó bá ní Standby, ẹ tan Power, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó ṣí Standby. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kí ẹ tó dá ohùn rẹ̀ lẹ́jọ́.

Wọ́ọ̀tì mélòó ló tó?

Àwọn èèyàn máa ń rò pé áńpù wọ́ọ̀tì 100 ń pariwo ní ìlọ́po méjì ti wọ́ọ̀tì 50. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́ọ̀tì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì (dB, ìwọ̀n ariwo) 3 péré ló ń fi kún ariwo, etí á kàn mọ̀ pé nǹkan ti yí díẹ̀. Kí etí tó gbà pé ariwo ti di méjì, wọ́ọ̀tì ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, lórí sípíkà kan náà, ìdajì ariwo wọ́ọ̀tì 100 ni wọ́ọ̀tì 10 ń pa. Áńpù kékeré kò kéré tó bí wọ́n ṣe ń fojú wò ó.

Ìdí tí èyí fi kàn wá nìyí. Ibi tí áńpù onítúùbù ti dùn jù ni ibi tí àwọn túùbù ńlá ẹ̀yìn, 6V6, EL84, 6L6 tàbí EL34, ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Tí ẹ bá fi agbára ta wáyà níbẹ̀, ohùn á há díẹ̀. Tí ẹ bá rọra ta á, á mọ́ gaara. Lórí Deluxe Reverb, láàárín 4 sí 6 lójú Volume ni ibẹ̀ sábà máa ń wà, ariwo tó sì ń pa níbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí dírọ́mà tó mọ ìwọ̀n ń fẹ́. Lórí Twin Reverb tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 85, olórin á ti jáde nílé kí ẹ tó débẹ̀.

Fún yàrá ìdánrawò tó fẹ̀ tó kíláàsì kan, wọ́ọ̀tì 15 sí 22 ni mo máa yàn. Ṣùgbọ́n tí ohùn tí ẹ ń wá bá jẹ́ èyí tó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tí onígìtá jùjú àti háìláìfù ń fẹ́, ẹ lè lọ dé 40, torí áńpù kékeré lè ti máa há kó tó pariwo tó.

Ẹ gbé áńpù kúrò nílẹ̀

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa ṣe nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ ṣe. Sípíkà íńṣì 12 kì í tú ohùn òkè káàkiri. Tààrà ló ń ta á lọ síwájú bí iná tọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ ń tàn dé gbogbo igun yàrá. Tí áńpù bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn yín, orúnkún yín ló ń jẹ ohùn òkè, ìyókù ló ń dé etí yín. Ẹ á rò pé ohùn náà ti kú. Ẹ á fi kún Treble, ẹ á fi kún Volume, ẹni tó bá dúró ní iwájú áńpù gan-an, ní òdìkejì yàrá, ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ gbé e lé àga tó lágbára tàbí kéèsì bíà méjì. Tí kò bá sí, ẹ fi nǹkan tì í níwájú kó dẹ̀ sẹ́yìn, kí ojú sípíkà lè kọjú sí orí yín. Kí ẹ dúró tó mítà méjì sí i. Nígbà tí ohùn bá ń lu yín létí tààrà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dín Treble kù, ẹ ó sì dín Volume kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín. Mo ti rí ìjà ẹgbẹ́ tí àga oníke kan parí.

Iṣẹ́ kejì wà tí gbígbé e sókè ń ṣe. Ilẹ̀ àti ògiri máa ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀. Áńpù tó wà ní igun, tí ògiri méjì ká a mọ́, á máa dún gbùùgbùù bó ti wù kí ẹ yí Bass sí. Ẹ fà á kúrò lára ògiri tó ìwọ̀n apá kan, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, torí ohùn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde náà.

Ẹ má kọjú áńpù sí máíkì olórin. Ibi tó dáa ni ẹ̀gbẹ́ ìlù, kó kọjú sí òdìkejì yàrá, kí dírọ́mà lè máa gbọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ ń pariwo. Dírọ́mà tí kò gbọ́ gìtá máa ń lu ìlù kíkankíkan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wàhálà ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Yàrá náà fúnra rẹ̀ ń dá sí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ yàrá ìdánrawò lọ́dọ̀ wa jẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ táìsì. Gbogbo rẹ̀ ló ń da ohùn òkè padà sí wa. Kápẹ́ẹ̀tì ńlá lábẹ́ ìlù, kọ́tìnì tó nípọn lójú fèrèsé, àti tìmùtìmù àtijọ́ tí ẹ gbé ti ògiri tí áńpù kọjú sí, owó kékeré ni, ẹ ó sì gbọ́ ìyàtọ̀ kíákíá. Ní ti páálí ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri, kò dá ariwo dúró, aládùúgbò yín á sọ fún yín.

Olórin ni kó sọ ibi tí ariwo máa dé

Ìlù kò ní nọ́ọ̀bù tí a lè yí. Máíkì olórin sì ní ibi tí kò lè kọjá kó má súfèé. Àárín méjèèjì yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ ní láti wà, gìtá sì wà lára wọn. Bí mo ṣe ń tò ó nìyí.

Kí dírọ́mà lu orin tó le jù nínú orin yín, bó ṣe máa lù ú gan-an lọ́jọ́ ìnáwó. Kí olórin kọrin lé e. Ẹ máa ṣí máíkì díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́ súfèé, kí ẹ dá a padà díẹ̀. Tí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin lórí ìlù nìkan, ẹ ò ní gbọ́ ọ nígbà tí gìtá bá dé, torí náà ẹ yanjú ti ìlù ná: igi tó fẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ lórí sínéà (ìlù kékeré tó máa ń dún gbangba jù), tàbí kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ bá dírọ́mà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, gìtá béèsì á wọlé, á gòkè títí á fi bá ìlù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù dọ́gba. Kíbọ́ọ̀dù á tẹ̀ lé e. Gìtá ló gbẹ̀yìn.

Nígbà tí gbogbo wọn bá ń ṣeré lọ́wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ Volume láti òdo. Ẹ máa gbé e sókè títí ẹ ó fi gbọ́ ara yín dáadáa, kí ẹ dúró níbẹ̀. Níbi tí gìtá ti ní láti yọ jáde nìkan nínú orin, ọ̀nà mìíràn wà fún un, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ yí àwọn nọ́ọ̀bù nígbà tí ẹgbẹ́ ń ṣeré

Ìgbà yìí ni Bass, Middle àti Treble ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Etí wa kì í gbọ́ ohùn bákan náà nígbà tí ariwo bá kéré àti nígbà tó bá pọ̀. Fletcher àti Munson, onímọ̀ méjì ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ti wọn èyí tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1933. Nígbà tí nǹkan bá ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àárín letí ń gbọ́ jù, ìsàlẹ̀ àti òkè á fara pamọ́. Ìdí nìyẹn tí onígìtá fi ń gbé Bass àti Treble sókè nílé tó sì ń gé Middle, ó sì máa ń dùn gan-an nínú yàrá lálẹ́. Ní ariwo ìdánrawò, etí ti ń gbọ́ ìsàlẹ̀ àti òkè fúnra rẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ fi kún un nílé á wá di àpọ̀jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bass. Wáyà tó nípọn jù lórí gìtá ń dún ní 82 Hz (ìgbà 82 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ti gìtá béèsì ń dún ní 41 Hz, ìlù ẹsẹ̀ sì wà ní sàkáání kan náà. Ìsàlẹ̀ yẹn ti lólúwa. Bass ní 2 tàbí 3 tó lórí Fender. Tí ẹ bá ta gìtá nìkan lẹ́yìn náà, á jọ pé ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ọ nígbà tí béèsì bá wọlé.

Middle ló ń gbé gìtá yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 6 tàbí 7. Deluxe Reverb kò ní nọ́ọ̀bù Middle. Lórí irú rẹ̀, ẹ dín Bass àti Treble kù pọ̀, àárín á yọrí fúnra rẹ̀, kí ẹ wá fi Volume dá ohun tó sọnù padà. Treble ní 4 tàbí 5 tó, nísinsìnyí tí sípíkà ti kọjú sí yín. Àwọn nọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń fa ara wọn, tí ẹ bá yí ọ̀kan, iṣẹ́ èkejì á yí. Torí náà ẹ yí wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún padà sí èyí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Lórí Vox AC15 àti AC30, Cut ń ṣiṣẹ́ ní òdì: bí ẹ bá ṣe ń yí i sókè ló ń gé ohùn òkè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ á rò pé áńpù ti bàjẹ́. Lórí Marshall, Presence, nọ́ọ̀bù ohùn òkè, máa ń fara hàn jù nígbà tí Master, nọ́ọ̀bù tó ń ṣàkóso ariwo gbogbo áńpù, bá gòkè, nítorí náà nọ́ńbà tó dùn nílé lè gún etí níbí.

Reverb, nọ́ọ̀bù tó ń fi gbohùngbohùn kún ohùn, 2 ti pọ̀ tó. Yàrá onítáìsì ti ní tirẹ̀.

Ní ti dísítọ́ṣọ̀n, ìyẹn híhá ohùn, ẹ gé ohun tí ẹ ń lò nílé sí ìdajì, kí ẹ wá gbọ́. Ohùn tó há púpọ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ rọra ta á, ẹ fi agbára ta á, bákan náà ló máa ń dún. Ìbẹ̀rẹ̀ ìró, ìgbà tí ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáyà sílẹ̀, á sọnù. Bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni etí fi ń dá gìtá mọ̀ láàárín ìlù àti àwo. Ẹni tó ń fi kún Gain, nọ́ọ̀bù tó ń mú ohùn há, torí pé wọn kò gbọ́ òun, ńṣe ló ń fi ara rẹ̀ pamọ́ sí i. Tí gìtá yín bá ní agbára púpọ̀, ẹ gbìyànjú ihò kejì tí à ń ki wáyà gìtá bọ̀ lára Fender àtijọ́. Ó ń dín agbára gìtá kù ní bíi dB 6, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì fọwọ́ kàn án rí.

Nọ́ọ̀bù tí mo kà sí pàtàkì jù wà lára gìtá gan-an. Ẹ ṣètò áńpù nígbà tí Volume gìtá wà ní 10, kí ohùn há bí ẹ ṣe fẹ́ kó há níbi tí gìtá ti máa yọ. Ẹ wá dá gìtá padà sí 6 tàbí 7 fún ìgbà tí ẹ ń tẹ̀ lé olórin. Híhá náà á lọ, ohùn á mọ́, ẹ ó sì ṣí àyè sílẹ̀. Ìdáhùn yìí gan-an ni èèyàn ń san owó áńpù onítúùbù fún. Bí ohùn òkè bá ń sọnù nígbà tí ẹ dín in kù, oníṣẹ́ iná lè jó kápásítọ̀ kékeré kan mọ́ nọ́ọ̀bù náà, kì í gbà á tó wákàtí kan.

Tí ìyẹn kò bá gbé yín yọ tó, pẹ́dàlì Ibanez Tube Screamer tàbí irú rẹ̀ ló kàn. Ẹ fi Drive sí 1, kí ẹ gbé Level sókè. Ó ń gé ohùn ìsàlẹ̀, ó sì ń gbé àárín sókè nítòsí 720 Hz, níbi tí gìtá ti ń rí ọ̀nà gbà láàárín ẹgbẹ́. Tí ẹ bá ń ta gìtá nìkan nílé, ẹ lè má fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Tí áńpù bá lágbára jù fún yàrá náà

Bóyá wọ́ọ̀tì 50 tàbí 100 lẹ ní, owó kò sì sí láti ra òmíràn. Tó bá ní Master, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n gbé Gain dé 8, kí wọ́n fi Master sí 1. Túùbù kékeré iwájú, 12AX7, nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn túùbù ńlá àti sípíkà ń sinmi, ohùn á sì máa dún zíì-zíì. Ẹ ṣe é ní òdìkejì. Ẹ gbé Master dé 5 tàbí 6, kí ẹ wá máa fi Gain gbé ariwo sókè láti ìsàlẹ̀. Ohùn kò ní há tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n á nípọn, á sì kún.

Attenuator ń jókòó láàárín áńpù àti sípíkà, ó ń sọ apá kan agbára di ooru. Ó wúlò tí ẹ bá fẹ́ gé dB 3 sí 6. Tí ẹ bá ti gé kọjá 10, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, torí pé sípíkà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, etí náà sì ti padà sí bó ṣe ń gbọ́ nílé. Óòmù rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti áńpù mu, wọ́ọ̀tì tó lè gbé gbọ́dọ̀ ju ti áńpù lọ dáadáa, kí ẹ sì mọ̀ pé áńpù ń ṣiṣẹ́ kíkún lẹ́yìn rẹ̀, túùbù ńlá á tètè gbó.

Ohun tí wọn kì í sábà rò ni sípíkà. Celestion Vintage 30 ń pa ariwo dB 100 fún wọ́ọ̀tì kan ní mítà kan. G12M Greenback ń pa 98. Sípíkà tó jẹ́ 97 dípò 100 ti gé ariwo yín tó ìgbà tí ẹ bá gé wọ́ọ̀tì áńpù sí ìdajì, láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ kàn máa wo iye wọ́ọ̀tì tó lè gbé: Greenback kan jẹ́ 25 péré, kì í ṣe fún áńpù wọ́ọ̀tì 50.

Tí áńpù bá ń tètè há jù, tí Volume ń fò láti òdo sí ariwo nígbà tí ẹ bá yí i díẹ̀, ẹ yọ 12AX7 àkọ́kọ́, kí ẹ fi 5751 tàbí 12AY7 rọ́pò rẹ̀. Tí a bá ka agbára 12AX7 sí 100, ti 5751 jẹ́ 70, ti 12AY7 jẹ́ 45. Ẹ pa áńpù, ẹ jẹ́ kí túùbù tutù, ẹ fà á jáde ní gbọọrọ, kí ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́. Ti túùbù ńlá yàtọ̀: ọ̀pọ̀ áńpù tó ń lo 6L6, EL34 tàbí 6V6 nílò kí oníṣẹ́ tún bias rẹ̀ (ètò iye iná tó ń gba inú túùbù) ṣe lẹ́yìn ìpààrọ̀. Ẹ má ṣe ṣí inú áńpù fúnra yín. Kápásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná fólìtì tó ju 400 mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ìyẹn sì ń pa èèyàn.

Níbi tí gìtá bá ju ẹyọ kan lọ

Àwọn ẹgbẹ́ jùjú ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, gìtá bíi mélòó kan ń ṣeré pọ̀, pẹ̀lú gángan àti pedal steel (gìtá tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ ta), síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ ti olúkúlùkù. Ohùn wọn mọ́, ìró wọn kúrú, kò sì sẹ́ni tó ń ta nǹkan kan náà lójú kan náà lórí ọrùn gìtá. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí. Tí ọ̀kan bá wà nísàlẹ̀ ọrùn gìtá, kí èkejì gòkè kọjá fúrẹ́ẹ̀tì keje. Tí ọ̀kan bá ní Treble 6, kí èkejì dín tirẹ̀ sí 4, kó sì gbé Middle. Áńpù méjì tí wọ́n yí nọ́ọ̀bù wọn sí ojú kan náà á máa bo ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa fi kún Volume títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ fi wáyà gígùn rìn lọ síwájú ẹgbẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń gbọ́. Tí wáyà kò bá gùn, ẹ gbé fóònù sáàárín yàrá kó gba ohùn orin kan sílẹ̀. Fóònù kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní parọ́ nípa ẹni tó pariwo jù.

Etí

NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi 85 dB lélẹ̀ fún wákàtí 8 lójúmọ́. Gbogbo dB 3 tó bá gòkè, àkókò náà á dín sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé ní 100 dB, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ìlù nínú yàrá kékeré lè débẹ̀ láìsí gìtá rárá. Ẹ wá ohun ìdí-etí (èyí tí à ń fi dí etí) tí wọ́n ṣe fún olórin, èyí tó ń dín gbogbo ohùn kù bákan náà. Fóòmù lásán ń gé ohùn òkè jù, ẹ ó sì máa fi Treble dí i. Ẹ sinmi láàárín. Etí tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ òkè mọ́, ohun tí ẹ bá sì yí lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ ó yí i padà lọ́jọ́ kejì.

Tó bá ṣì ń ṣe bákan

Tí ohùn bá wúwo tí kò sì yéni, Bass ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà igun yàrá. Tó bá ń gún etí, ẹ wo ibi tí sípíkà kọjú sí kí ẹ tó fọwọ́ kan Treble. Tí ẹ bá ń pariwo tí wọn kò sì gbọ́ yín, ẹ dín Gain, ẹ fi kún Middle. Tí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi ìdí pẹ́ńsù rọra kan túùbù kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí áńpù wà lórí iná. Èyí tó bá dún gbangba nínú sípíkà ni kí ẹ pààrọ̀. Tí túùbù ńlá bá pọ́n rokoso lára irin inú rẹ̀, ẹ pa áńpù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí fíúsì bá jó, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò, kì í ṣe páálí sìgá. Tó bá tún jó, oníṣẹ́ ló kàn.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi tó dùn, ẹ ya fọ́tò ojú áńpù pẹ̀lú fóònù, ẹ ya ibi tó jókòó sí náà. Ẹ pa á ní kété tí orin bá parí, kí ẹ sì kó wáyà ná. Gíláàsì tó gbóná kò fẹ́ kí wọ́n máa mì í, nítorí náà áńpù ni kó kẹ́yìn wọ mọ́tò.